Gọ́tà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹjọ́ Rẹ̀ Sùn

Orúkọ iṣẹ́ mi gùn ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ: Olùyẹ̀wò Àgbà fún Ìlànà àti Ètò Ìṣúná, Ẹ̀ka Iṣẹ́ Òde. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní káàdì tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, inú báàgì mi ni mò ń gbé e kiri, mò ń wá ẹni tí n ó fi hàn. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí i ni mẹkáníìkì mi ní Agbojú. Ó kà á dé ìdajì, ó gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, kí lẹ wá ń ṣe gan-an?" Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n má bínú, ṣé ìjọba ló ń sanwó fún mi ṣá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, ó sì padà sábẹ́ ọkọ̀.

Kí n má purọ́, ìbéèrè rẹ̀ ò ṣe é dáhùn wẹ́rẹ́. Èmi kì í gbẹ́ gọ́tà. Èmi kì í da ọ̀dà sí títì. Wọ́n fún mi ní bàtà rọ́bà àti akoto nígbà kan, bàtà náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi, ó mọ́ bí ìgbà tí wọ́n rà á. Ohun tí mò ń ṣe ni pé lọ́dọọdún, gbogbo títì tó bàjẹ́ àti gbogbo gọ́tà tó dí ní àgbègbè wa á tò síwájú mi. Owó tó wà nílẹ̀ kì í kárí wọn, èmi ni n ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé èyí ni ká kọ́kọ́ ṣe, èyí ni kó ṣì ní sùúrù. Màmá mi, tó ti padà sí Ìjẹ̀bú látìgbà tí bàbá mi ti kú, máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ló ń pín owó fún ìjọba l'Ékòó. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó yé sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ ọ kì í béèrè pé owó ta ni, wọ́n á kàn ní kí n rántí àwọn.

Kí n tó dé ẹ̀ka náà, ẹni tó bá pariwo jù ni títì rẹ̀ máa ń tètè dára. Èyí bí mi nínú, nítorí èmi ka ìwé, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ìwé ò lè tún ṣe. Mo bá jókòó, mo ṣe ohun kan tí mo sọ lórúkọ ní Òṣùwọ̀n. Nínú Òṣùwọ̀n yìí, gbogbo òpópónà ló ń gba máàkì. Bí ọjà tàbí ilé ìwé bá wà lójú ọ̀nà náà, máàkì. Bí omi òjò bá ń dé orúnkún níbẹ̀, máàkì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì rò pé òun ni wọn yóò máa fi rántí mi lẹ́yìn tí mo bá fẹ̀yìn tì, ni mo pè ní Ohùn Aráàlú. Ìyẹn ni iye àwọn ará àdúgbò tó bá fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí tábìlì ẹ̀sùn tó wà nísàlẹ̀ ọ́fíìsì wa, tí wọ́n wá fẹjọ́ títì tàbí gọ́tà wọn sùn. Òun ni mo fún ní máàkì tó pọ̀ jù. Mo ní ẹni tó kan ló mọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo gbé Òṣùwọ̀n jáde fún àwọn ọ̀gá, mo wọ ẹ̀wù tí mo ti ń fi pamọ́ de ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo tàn án sára ògiri, mò ń fi ọ̀pá tọ́ka sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ìlú òyìnbó ni mo ti kọ́ ọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ dáadáa, mo sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó pàdé mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ó kúkú ṣiṣẹ́. Àwọn àgbààgbà kan láti Kúje lágbègbè wa dé fìlà funfun wá, wọ́n kún gbogbo àga tó wà níbẹ̀, wọn ò sì dìde títí akọ̀wé tábìlì fi gbọ́ tẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣe gọ́tà wọn kí ọdún tó parí. Àwọn obìnrin ọjà láti Agbojú náà wá, wọ́n tiẹ̀ bá akọ̀wé náà jà, wọ́n ní kò kọ ọ́ bó ṣe ń dùn wọ́n. Máàkì tiwọn ga débi pé mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń da kọnkéré, mo máa ń rọra wakọ̀ kí n lè wò ó dáadáa. Ẹni tó bá rí ojú mi á rò pé èmi ni mo po sìmẹ́ńtì.

Inú Fẹ́sítáàkì ni mo ń gbé, nínú ilé tó kan bàbá mi nígbà tí wọ́n fi ìbò pín ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Kílóòsì wa kúrú, kò já síbì kankan, èèyàn sì lè kí gbogbo ará ibẹ̀ tán kí tíì tó tutù. Àwọn tó kù lára àwọn tó bá bàbá mi gba ilé ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti hewú. Ìṣojú wọn ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń pè mí lórúkọ náà. "Ọmọ wa" ni wọ́n ń pè mí, bí mo tilẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo sì ní ìgò lójú.

Gọ́tà tó gba ẹ̀yìn kílóòsì yìí ti rì. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á padà sẹ́yìn, ilé tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ló sì máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Ilé Dádì àti Mọ́mì nìyẹn. Kì í ṣe àwọn ló bí mi, ṣùgbọ́n èmi àti ọmọ wọn obìnrin la jọ dàgbà, orúkọ tí ọmọ wọn ń pè wọ́n ni èmi náà mú. Dádì wà nípò ńlá ní ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dé, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ iṣẹ́, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, wọ́n bá gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀. Yàrá yẹn gan-an ni omi fẹ́ràn jù.

Mọ́mì kì í jà. Ní àárọ̀ Sátidé, á gbé mọ́ín-mọ́ín wá sẹ́nu géètì mi, á béèrè àlàáfíà màmá mi, á béèrè iṣẹ́, ìgbà tó bá ti ń lọ ni á tó yíjú padà pé, "Ọmọ wa, omi yẹn tún wọlé o."

Èmi náà á gbé ohùn ọ́fíìsì jáde: "Mọ́mì, a ti ń wò ó. Ó wà nínú ìlànà."

Á ní Ọlọ́run á gbé mi ga. Á lọ. Èmi á jókòó ti mọ́ín-mọ́ín.

Àwọn yòókù náà ò dákẹ́. Alága àwọn onílé, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn láti sọ bí omi ṣe ga tó. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ mí láago lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó gbé fóònù sún mọ́ omi kí èmi náà lè gbọ́ ọ bó ṣe ń wọlé. Mo gbọ́ ọ. Mo ní ó wà nínú ìlànà.

Ṣé mo wá ṣe nǹkan kan? Rárá o. Mo ti búra fún ara mi pé mi ò ní dárúkọ kílóòsì wa ní ọ́fíìsì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé iwájú ilé mi ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Ìwà ọmọlúàbí mi ń dùn mọ́ mi gan-an. Bí wọ́n bá ti kà dé orí kílóòsì wa nínú ìpàdé, ojú fèrèsé ni mo máa ń wò, bí ẹni mímọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni máàkì wa sì máa ń wà. Mo gbà pé Òṣùwọ̀n kì í purọ́, ó ní láti jẹ́ pé ìyà tó ń jẹ wá ò tó ti àwọn tó wà nítòsí Máílì Tú.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan, òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Mi ò tíì bọ́ gèlè nígbà tí Mọ́mì pè mí pé kí n jọ̀ọ́ kí n wá ràn án lọ́wọ́. Bàtà rọ́bà mi wà ní ọ́fíìsì níbi tó ti ń sinmi, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ni mo fi wọ́ omi náà, mo ká ìró mi sókè. Nínú yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, Dádì jókòó sórí rẹ̀, bàtà rẹ̀ méjèèjì ń léfòó káàkiri nísàlẹ̀. Mọ́mì ń fi abọ́ gbọ́n omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Dádì ń wò mí. Látìgbà àìsàn yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń falẹ̀, èèyàn ní láti dúró dè é. Ó ní, "Ọmọ wa. Ṣé èmi náà ti wà nínú ìlànà báyìí?"

Mọ́mì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì mí, ó tì mí débi pé omi tí mò ń gbọ́n ni mo tẹjú mọ́, mi ò lè wo ẹnikẹ́ni nínú wọn.

A ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ọmọ wọn pè láti Ìbàdàn, Mọ́mì sì jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ. "Mọ́mì, mo ti sọ fún yín. Tí oṣù yìí bá parí, mò ń bọ̀ wá kó ẹ̀yin méjèèjì. Dádì ò lè máa gbé inú omi. Tí ẹsẹ̀ wọn bá yọ̀ nínú omi yẹn ńkọ́?"

"Ìbàdàn kẹ̀? Ta ni mo mọ̀ ní Ìbàdàn?"

"Ẹ mọ èmi, mà."

Nígbà tó pa fóònù, Mọ́mì jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rọra bá mi sọ̀rọ̀ kí Dádì má baà gbọ́. Ó ní, "Nínú ilé yìí, tó bá gbọ́ ohùn èèyàn lójú ọ̀nà, ó mọ ẹni tó ń kọjá. Á pè é, wọ́n á jọ ṣàwàdà. Ohun tó fi ń gbé ayé nìyẹn. Tí wọ́n bá gbé e lọ síbi tí kò ti mọ ẹnì kankan, kò ní pẹ́ láyé. Mo mọ ọkọ mi."

Ní ọjọ́ Ajé, mo ṣí Òṣùwọ̀n lórí kọ̀ǹpútà, mo wá kílóòsì wa kàn. Ní ti omi, máàkì rẹ̀ pé. Ní ti Ohùn Aráàlú, òdo. Mo wo ti ọdún tó ṣáájú, òdo. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá akọ̀wé tábìlì ẹ̀sùn, obìnrin kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, mo bi í bóyá ó gbàgbé wọn ni.

Ó ní, "Mà, kò sẹ́ni tó ti ibẹ̀ wá rí. Èmi tiẹ̀ rò pé àwọn tibẹ̀ ń gbádùn ni."

Orí mi gbóná. Wọ́n mọ̀nà géètì mi, wọ́n mọ nọ́ńbà mi, wọ́n lè dá mi dúró níwájú pásítọ̀, wọn ò wá lè dé ọ́fíìsì tí kò jìnnà! Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí n ó bá wọn sọ. Nígbà tí àwọn onílé pàdé lọ́jọ́ Sátidé nínú ọgbà alága, mo dìde dúró. Mo ṣàlàyé Òṣùwọ̀n fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo fi ìka ya á sínú afẹ́fẹ́. Mo wá ní, "Ẹ forí jì mí o, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ṣe ara yín. Ẹ ò fẹjọ́ sùn! Ẹnì kan ṣoṣo ò wá láti ọdún yìí wá! Kí ni kí ìjọba wá ṣe?"

Alága ń wo bàtà rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá a sọ̀rọ̀."

"Ọmọ wa, jókòó," Mọ́mì wí. Mo jókòó. "Ṣé o rò pé a ò mọ ọ́fíìsì yín ni? Ìgbà tí omi kọ́kọ́ wọlé, àwọn ayálégbé ti múra pé àwọn ń lọ kọmpléènì. Àwa la dá wọn dúró. A ṣe mítíìnì lé e lórí níbí, ìwọ lo ò sí níbẹ̀. A ní ta la fẹ́ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ṣé kì í ṣe ọmọ wa ló wà níbẹ̀? Tí a bá dé ibẹ̀ tí à ń ké, àwọn ọ̀gá ẹ á ní àwọn ará ilé ẹ gan-an ò rí nǹkan fi yìn ẹ́. Ìyẹn la ṣe ń wá bá ẹ nílé."

Alága ní, "A tiẹ̀ ní ẹni tó bá lọ, kéèsì míńírà kan ni ìtanràn rẹ̀."

"Dádì ló kọ́kọ́ sọ ọ́," Mọ́mì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ó ní òun ṣiṣẹ́ ìjọba dọjọ́ alẹ́, òun mọ ohun tí ẹ̀sùn máa ń ṣe fún èèyàn níbẹ̀. Ó ní tí òjò bá dé, òun á máa gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó sàn fún òun ju kí wọ́n lé ọmọ ọ̀rẹ́ òun lẹ́nu iṣẹ́."

Mo ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ewé nípa bí aráàlú ṣe ń ronú. Mo ní àtẹ tó fi í hàn, ó ní àwọ̀ mẹ́ta. Kò sí èyí tó wúlò fún mi lórí àga yẹn. Mo sunkún níwájú gbogbo wọn, mi ò sì fi pamọ́. Mo fẹ́ràn wọn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ, mo sì kórìíra Òṣùwọ̀n mi bí ìgbẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, èmi obìnrin, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ fẹjọ́ mi sùn. Wọ́n jiyàn lé e lórí, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n gbà. Lọ́jọ́ Ajé, mo dúró lójú fèrèsé lókè, mo rí wọn tí wọ́n ń wọlé, gbogbo wọn wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, Mọ́mì mú báàgì funfun lọ́wọ́. Wọ́n pẹ́ gan-an nísàlẹ̀. Mò ń fọwọ́ pa ọwọ́ pẹ̀lú ayọ̀, mo ní Òṣùwọ̀n á gbọ́ ohùn lónìí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, akọ̀wé tábìlì gòkè wá, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Mà, àwọn ará yín wá o. Èèyàn dáadáa! Wọ́n ní láti kékeré lẹ ti gbọ́n. Wọ́n ní ẹ kì í gbéraga. Alága wọn gbàdúrà fún gbogbo wa, títí kan àwọn dírẹ́bà."

"Gọ́tà ńkọ́?"

"Gọ́tà?" Ó ronú. "Ẹn-ẹ́n. Wọ́n ní tí àyè bá yọ, tí kò bá ní da yín láàmú, omi kan máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Abẹ́ Ìyìn ni mo kọ gbogbo ẹ̀ sí."

Nínú Òṣùwọ̀n mi, Ìyìn kò ní máàkì kankan. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnikẹ́ni lè wá yìn wá.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ń dúró lórí bẹ́ǹṣì, mo jókòó sẹ́yìn wọn títí ó fi kàn mí. Akọ̀wé náà gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, mà? Kí lẹ fẹ́?"

"Mo wá fẹjọ́ sùn."

Ó mú bírò. "Ẹjọ́ ta ni?"

Mo ní, "Olùyẹ̀wò Àgbà fún Ìlànà àti Ètò Ìṣúná, Ẹ̀ka Iṣẹ́ Òde." Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó ní kí n rọra tún un sọ, orúkọ yẹn ti gùn jù fún àyè tó wà níbẹ̀. Mo rọra tún un sọ. Mo sọ fún un pé omi ń wọ yàrá arúgbó tí kò lè rìn, pé ó ti pẹ́ tí Olùyẹ̀wò yẹn ti ń gbọ́ ọ, pé mọ́ín-mọ́ín ló ń jẹ lé e lórí. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti tẹ́tí sí wa. Ọ̀kan nínú wọn ní irú èèyàn wo nìyẹn.

Láti ibẹ̀ ni mo lọ bá ọ̀gá mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó gbà pé kí a fi kílóòsì wa kún iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ní kí n lọ tún Òṣùwọ̀n mi ṣe. Mo ti tún un ṣe. Òpópónà tí ẹnikẹ́ni ò bá ti wá báyìí, àwa la máa ń rán èèyàn lọ bá wọn.

Ṣùgbọ́n ìparí oṣù kì í dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ wọn dé láti Ìbàdàn bó ṣe wí. A gbé Dádì sí iwájú ọkọ̀. Ó ń kí gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè wọ́n lórúkọ, ohùn rẹ̀ ń falẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kánjú. Mọ́mì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa bá àwọn ṣí fèrèsé. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí ọkọ̀ náà yí kúrò ní kílóòsì wa, nítorí mo rántí ohun tó sọ lórí àtẹ̀gùn.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà, wọ́n da kọnkéré tuntun sí i. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣílẹ̀kùn wọn, mo dúró láàárín yàrá ìsàlẹ̀ títí òjò fi dá. Ilẹ̀ gbẹ. Ibẹ̀ ni mo ti pe Ìbàdàn, mò ń pariwo bí ọmọdé pé omi ò wọlé, kí wọ́n máa bọ̀. Mọ́mì ní ara Dádì ò fi bẹ́ẹ̀ le, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, kì í sì í fẹ́ jẹun. Ó gbé fóònù sí i létí. Mo tún un sọ fún un. Mo dúró dè é.

"Ọmọ wa," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò fẹjọ́ ẹ sùn, àbí?"

"Rárá, sà. Èmi nìkan ni."

Ó mí. Mo gbọ́ ọ tó yí ẹnu kúrò lára fóònù, ó ń sọ fún Mọ́mì pé kó bá òun wá bàtà òun.